Bí ẹ ṣe máa ká ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti eré sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹni tí kò sí nínú gbọ̀ngàn lè gbádùn ẹ̀

Tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ wá máa ká àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtagbangba àti eré sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni yín o, bóyá òṣìṣẹ́ láìbrérì, ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ fún yín ni pé ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, àwòrán á tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé kámẹ́rà làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, "irú kámẹ́rà wo lẹ̀ ń lò?", àmọ́ èèyàn lè wo fídíò tí àwòrán ẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ parí tó bá ṣáà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, tí ohùn bá wá ń dún bíi pé inú àgbá lẹni náà wà, kò ní pẹ́ tó fi máa pa á tì. Ẹni tí kò lè wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà là ń ṣiṣẹ́ fún, títí kan ẹni tí wọn ò tíì bí, ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń to wáyà.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí yàtọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pé oríṣiríṣi ìmọ̀ ló wà lójú kan, ìtàn, físíìsì, ewì, orin, ijó, torí náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè wá sọ̀rọ̀, akéwì á tẹ̀ lé e, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ akọrin á gba orí ìtàgé kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ká ọ̀kan ò bá ti èkejì mu rárá.

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ kankan jáde, ẹ gba ìyọ̀ǹda. Kì í ṣe ti ẹnu lásán o, ìwé ni, kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà tẹ́ ẹ fi pè é, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń gun orí ìtàgé bọ̀ kẹ́ ẹ tó na bírò sí i, torí ojú á ti í láti sọ pé òun ò fẹ́, ìyẹn ò sì dáa. Kí ìwé náà sọ ọ́ kedere: ṣé a lè ká a sílẹ̀, ṣé a lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé títí ayé ni àbí fún ìgbà díẹ̀, ṣé a lè gé e kúrú. Ẹlòmíì á ní òun ò fẹ́ kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí ìwádìí tí òun ò tíì tẹ̀ jáde wà nínú ẹ̀, ẹ bi í bóyá a lè ká a fún àpamọ́ láìbrérì nìkan, ọ̀pọ̀ ló máa gbà.

Ti eré orí ìtàgé le jùyẹn lọ. Owó tí ẹ̀ka tíátà san kí wọ́n lè ṣe eré kan, owó ṣíṣe eré náà níwájú èèyàn ni, kì í sábà ní kíká a sílẹ̀ nínú, gbígbé e síta tún wá yàtọ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn dáadáa tàbí kẹ́ ẹ kọ̀wé béèrè. Orin náà rí bẹ́ẹ̀. Bach ti kú láti ọdún 1750, kò sẹ́ni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín torí orin tó kọ, àmọ́ àwọn tó ń ta fáolíìnì lórí ìtàgé yín lálẹ́ òní ní ẹ̀tọ́ tiwọn lórí bí wọ́n ṣe ta á, ẹni tó tún orin náà tò ní ọ̀nà tuntun lè ní tiẹ̀ náà. Tí ẹni tó kọ orin bá ṣì wà láàyè tàbí tí kò tíì pẹ́ tó kú, ẹ rántí pé ní Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè míì, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sábà máa ń wà di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Àwọn òǹwòran náà ńkọ́? Ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé à ń ya fídíò, kẹ́ ẹ sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí kámẹ́rà ò ní dé, fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí òun.

Ó yá, ohùn. Fún ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà ló dáa jù, kó wà ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì sí àgbọ̀n, kó má sì sí nítòsí ẹ̀gbà ọrùn, ìborùn tàbí káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n fi okùn kọ́ sọ́rùn, torí gbogbo ìyẹn ló máa ń gbá a tí á sì máa dún kọ̀ọ̀-kọ̀ọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kó sún mọ́ ẹnu ni pé tẹ́ ẹ bá sọ jíjìnnà máìkì sẹ́nu di ìlọ́po méjì, ohùn tó ń bọ̀ tààrà á fi bíi 6 dB lọ sílẹ̀ (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), àmọ́ ìró tó ń ta padà lára ògiri àti ariwo AC ò ní dín kù, ìdí nìyẹn tí máìkì orí kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí láéláé, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ fi máìkì kejì sórí tábìlì ìbánisọ̀rọ̀ kó dúró bí àrọ́pò, kẹ́ ẹ sì gba wáyà kan láti ara míksà gbọ̀ngàn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po ohùn gbogbo máìkì pọ̀, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń darí míksà bóyá agbára máìkì, tó kéré gan-an, ló ń jáde níbẹ̀ tàbí agbára láìnì, tó pọ̀ jù ú lọ dáadáa, tẹ́ ẹ bá ṣì í mú, ohùn á fọ́ yányán tàbí kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ bíi pé òkèèrè ló wà.

Ẹ ká a ní WAV, irú fáìlì ohùn tí kì í gé nǹkan kan kúrò, ẹ ṣètò ẹ̀ sí 48 kHz, 24-bit, ẹ má fi MP3 tó máa ń fún ohùn pọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan ohùn tó gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé (mono) ò ju bí ìdajì GB lọ, àyè ọ̀hún ò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ibi tó bá ga jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa kan -12 dB lórí mítà, ìyẹn ojú ìwọ̀n ohùn lára ẹ̀rọ, kí àyè lè wà fún ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́, torí ohùn tó bá ti fọ́ kò ṣeé tún ṣe, èyí tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ ṣeé gbé sókè. Kẹ́ ẹ sì fi hẹ́dífóònù sétí! Mítà á máa jó lọ jó bọ̀ bíi pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa nígbà tó jẹ́ pé ariwo wáyà nìkan ló ń wọlé, etí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Bátìrì tuntun ni kẹ́ ẹ fi sínú máìkì aláìníwáyà nígbà gbogbo, èyí tẹ́ ẹ lò lánàá, ẹ lò ó fún nǹkan míì.

Ibi tó máa ń dùn mí jù nínú ìkásílẹ̀ àwọn èèyàn ni apá ìbéèrè. Ẹ ó gbọ́ ìdáhùn tó lárinrin, tí ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n bi í, ìṣẹ́jú kan gbáko á kọjá tó jẹ́ ìkùnsínú lásán lẹ ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń fa ohun tí ẹni náà ò kọ sínú ìwé jáde. Ẹ wá ẹni méjì tó máa gbé máìkì kiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kẹ́ ẹ sì bá alága ètò sọ ọ́ ṣáájú pé kó sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kí máìkì tó dé ọwọ́ ẹ̀. Tí kò bá sí máìkì, kí alága tún ìbéèrè náà sọ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Èyí ò náni ní kọ́bọ̀.

Sláìdì, ẹ gba fáìlì ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni náà, kẹ́ ẹ fi sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe àtúntò fídíò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kámẹ́rà tó ń wo ara ògiri.

Tó bá wá kan orin tí wọn ò fi ẹ̀rọ gbé ohùn ẹ̀ sókè, ẹ gbàgbé míksà. Míksà ò mọ̀ ju ohun tó ń gba inú máìkì wọlé lọ, tí pianó àti fáolíìnì ò bá ní máìkì, kò sí wọn níbẹ̀ nìyẹn. Máìkì méjì tó dọ́gba ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi 17 cm sáàárín orí wọn, kí wọ́n kọ̀yìn síra díẹ̀ ní igun 110 dígírì, kẹ́ ẹ gbé wọn ga lẹ́yìn adarí orin bíi mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ọ̀nà tí rédíò ìjọba ilẹ̀ Faransé gbé kalẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí dòní. Ẹ lọ síbi ìdánrawò, ẹ ní kí wọ́n kọ ibi tó lariwo jù nínú orin náà, ẹ fi ìyẹn ṣètò mítà yín, kẹ́ ẹ tún wá fi bíi 6 dB rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, torí lójú òǹwòran wọ́n á kọ ọ́ kíkan ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́sàn-án lọ. Ẹ pa ètò tó máa ń gbé ohùn sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ibi tó yẹ kí orin rọra rọlẹ̀ ló máa ń bà jẹ́.

Kámẹ́rà náà, ẹ má jẹ́ kó máa dá ìpinnu ṣe. Orí ìtàgé dúdú, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo wà lójú òṣèré, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà á fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo dúdú yẹn, ojú òṣèré á wá funfun báláú. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣètò ìmọ́lẹ̀, ojú òṣèré náà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì ti àwọ̀ pa síbì kan. Níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50 Hz ẹ fi ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó láti gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, ibi tó bá jẹ́ 60 Hz ẹ fi sí 1/60, kí iná má baà máa ṣẹ́jú nínú fídíò. Tó bá jẹ́ ijó, ẹ jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ wọn! Ẹni tó fẹ́ kọ́ ijó náà lọ́la ò nílò ojú wọn nìkan.

Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ mẹ́ta, méjì sórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan síbòmíì tó jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí káàdì kẹ́ ẹ tó ṣí ẹ̀dà náà wò dópin. Ẹ wá kọ orúkọ fáìlì báyìí: ọdún, oṣù, ọjọ́, orúkọ ẹni, àkòrí, bí àpẹẹrẹ 2026-03-05 ló máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ fúnra wọn. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà lórí ìtàgé, kì í ṣe ọ̀gá wọn nìkan, gbọ̀ngàn tó ti wáyé, èdè tí wọ́n sọ, ẹni tó ká a, ohun tí ìwé ìyọ̀ǹda sọ. Ètò Dublin Core tí àwọn láìbrérì ń lò ní ohun 15 péré tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, ó tó yín láti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí rárá. Ní oṣù kejì ọdún 1956, Allen Ginsberg, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, ka ewì gígùn ẹ̀ kan tó padà di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Reed College, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Portland, Oregon, wọ́n sì ká a sórí tẹ́ẹ̀pù. Ọdún 2007 ni olùṣèwádìí kan tó ń wá nǹkan nípa Gary Snyder, akéwì tí òun àti Ginsberg jọ kéwì níbẹ̀, wá rí tẹ́ẹ̀pù náà nínú àpamọ́ láìbrérì, ni wọ́n bá rí i pé ìkásílẹ̀ ewì ọ̀hún tó pẹ́ jù tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Ó ju 50 ọdún lọ tó fi wà níbẹ̀. Ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò ṣe pàtàkì fún adití, fún ẹni tí èdè náà ò já geere lẹ́nu ẹ̀, àti fún ẹni tó ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo nínú wákàtí méjì. Ẹ̀rọ lè kọ́kọ́ kọ ọ́, àmọ́ orúkọ èèyàn àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ló máa ń ṣì kọ jù, ẹ wá ẹnì kan láti ẹ̀ka tó ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kó kà á kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Tẹ́ ẹ bá wá bá tẹ́ẹ̀pù àtijọ́ nínú yàrá kan, ẹ má sáré fi sínú ẹ̀rọ. Tó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ike ẹ̀ ti ń jẹrà nìyẹn, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo bó ṣe ń yí ló ń bó, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi ooru díẹ̀díẹ̀ mú kó gbẹ fún wákàtí bíi mélòó kan kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Ẹ kó o fún wọn, ẹ ní kí wọ́n gbé e wọ kọ̀ǹpútà ní 96 kHz, 24-bit, tí wọ́n bá sì ti dá a padà, ẹ má ju tẹ́ẹ̀pù náà nù, ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ, pẹ̀lú páálí ẹ̀ àti gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára.