Bẹ́ ẹ ṣe máa ka máńgà fámpáyà BL kó yé yín yékéyéké

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ ń bèèrè ibi téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó ẹ gbọ́ o. Máńgà ni ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan, BL ni èyí tó dá lórí ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì, fámpáyà sì ni ẹ̀dá inú ìtàn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí kì í darúgbó. Apá ọ̀tún la ti ń ka máńgà lọ sí òsì. Àpótí àwòrán tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ máa kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lápá òsì kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa rí ẹni tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan ò tíì sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ àjẹ́ kúrò lọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti ní ẹnì kan ń mu ẹ̀jẹ̀, ọ̀tá nìyẹn, àdúrà ló kàn. Fámpáyà inú ìwé wọ̀nyí yàtọ̀, ebi ló ń pa á, ara ẹni tó fẹ́ràn jù láyé sì ni oúnjẹ ẹ̀ wà, ó fẹ́ sún mọ́ ọn, ẹ̀rù sì ń bà á pé tóun bá sún mọ́ ọn jù òun lè pa á. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì ti máa ń le.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má sáré kọjá níbi tí fámpáyà ti máa gé ẹnì kejì jẹ. Ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́. Ṣé fámpáyà yẹn ló tọrọ ni, àbí ẹnì kejì ló fọwọ́ ara ẹ̀ tú bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì? Ṣé ọrùn ni, àbí ọrùn ọwọ́, àbí ìka lásán? Ẹni tó ń yà á sábà máa ń gé àpótí wẹ́wẹ́, ojú, ètè, eyín, ó tún lè wá fi odindi ojú ewé kan sílẹ̀ tí kò ní sọ́rọ̀ kankan níbẹ̀, àfi ìró tí wọ́n kọ lédè Japan. Doki doki ni àyà tó ń lù, gokun ni ọ̀fun tó ń gbé e mì. Ẹ dúró síbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló jọ alágbára lójú, àmọ́ ẹni tó lè sọ pé "ó tó" lagbára wà lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí ìwé tẹ́nì kankan ò ti tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi ò ní bá yín parí ẹ̀.

Ohun kejì tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ọjọ́ orí. Ọ̀kan ń darúgbó, èkejì ò darúgbó, ìbéèrè náà sì gbọ́dọ̀ jáde pé "ṣé wàá sọ mí dà bíi tìẹ?"

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ gbòǹgbò ẹ̀, ẹ wá máńgà Poe no Ichizoku tí Moto Hagio bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ìtàn Edgar àti Allan tí wọn ò dàgbà mọ́ tí wọ́n jọ ń rìn kiri láyé. Kì í ṣe BL bá a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kà á ẹ máa rí ibi tí púpọ̀ ti wá. Hagio tún padà sí i ní 2016, ilé ìtẹ̀wé Fantagraphics sì ti ń tẹ̀ ẹ́ lédè Òyìnbó láti 2019. Àwọn tó fẹ́ràn BL ní Japan máa ń ya tiwọn náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, dōjinshi nìyẹn, wọ́n á wá tà á ní Comiket, ọjà ńlá dōjinshi tó ti wà láti 1975.

Ẹ ra á tówó bá wà, ẹni tó yà á ń jẹun níbẹ̀, BookWalker àti Renta! lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń tà á. Àwòrán máa ń jẹ dátà, ẹ fi dátà òru gbé e sórí fóònù kí iná tó lọ. Èyí tí wọ́n kọ 18 sí, ti àgbà ni, ẹ má fi han ọmọdé. Ẹ sì mọ irú ìlú tá a wà, ẹ fi páásìwọ́ọ̀dù sí fóònù, ẹ má ṣí i nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń lọ sí yunifásítì FUTA. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í ibi tó kà á dé.