Bí a ṣe ń kó ímeèlì láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun

Kí ẹ tó ta láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn, tàbí kí ẹ tó gbé e fún àbúrò yín, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ímeèlì yín ń gbé. Bó bá jẹ́ Gmail lórí bíráúsà nìkan lẹ ń lò, iṣẹ́ yín ò pọ̀: ẹ wọlé lórí ẹ̀rọ tuntun, ó parí. Ẹ̀yin tó ń lo Thunderbird, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò.

Ẹ ṣí Account Settings, ẹ tẹ Server Settings, kí ẹ wo ohun tó wà níwájú Server Type. Bó bá jẹ́ IMAP, ẹ fọkàn balẹ̀, orí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba ímeèlì, ni lẹ́tà yín wà. Àmọ́ ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kó sínú Local Folders, inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló wà o.

Bó bá jẹ́ POP, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. POP máa ń fa lẹ́tà wá sínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè pa á rẹ́ lórí sẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ibí yìí ló ti ń bàjẹ́ jù. Ẹni náà á tẹ àdírẹ́ẹ̀sì àti páswọ́ọ̀dù sórí ẹ̀rọ tuntun, á rí lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí, inú rẹ̀ á dùn, á fọ ẹ̀rọ àtijọ́, ìyẹn ni pé á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ìgbà tó bá ń wá ìnfóísì èṣí ló máa tó mọ̀ pé kò sí mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá a rí i.

Nítorí náà, fódà profile, ìyẹn ibi tí Thunderbird ń kó lẹ́tà àti ètò yín sí, ni kẹ́ ẹ kó, odindi. Ẹ lọ sí Help, Troubleshooting Information, ẹ tẹ Open Folder níwájú Profile Folder. Ẹ wá pa Thunderbird pátápátá kí ẹ tó ṣe kọ́pì. Bó bá ṣì wà ní títàn, fàìlì lè bàjẹ́. Ẹ má ṣa fàìlì kan mú kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ o. Key4.db àti logins.json ló ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù, ọ̀kan ò wúlò láìsí èkejì. Export, tó ń bá èèyàn kó profile jáde, wà lábẹ́ Tools, àmọ́ kì í gba ohun tó bá ju 2GB lọ. Ọwọ́ ni mo fi ń kó tèmi.

Fíláàṣì tí wọ́n fọ́máàtì sí FAT32 kì í gba fàìlì tó ju 4GB lọ, Inbox àgbà sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT; ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́ o. Bí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò bá tàn mọ́, ẹ yọ háádì rẹ̀, kí ẹ ra kéèsì USB olówó pọ́ọ́kú ní Computer Village, Ìkẹjà, kí ẹ fi háádì náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà rẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ tuntun.

Lórí ẹ̀rọ tuntun, Thunderbird tó dé kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fi sí i, torí èyí tó ti pẹ́ kì í fẹ́ gba profile tí èyí tó tuntun jù ú lọ ti lò. Ẹ lẹ fódà náà síbi tó máa wà títí, ẹ padà sí Help, Troubleshooting Information, ẹ tẹ about:profiles níbẹ̀, ẹ tẹ Create a New Profile, kí ẹ fi Choose Folder mú un.

Bó bá jẹ́ Gmail ni àdírẹ́ẹ̀sì yín, Google lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé lórí ẹ̀rọ tuntun. Bí láìnì yẹn bá ti sọnù, ẹ yí nọ́ńbà padà nígbà tẹ́ ẹ ṣì wọlé lórí ẹ̀rọ àtijọ́.

Láti mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ti dé, ẹ wá lẹ́tà tó pẹ́ jù, kí ẹ ṣí fàìlì tó bá a wá. Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àtijọ́ wà nílé fún oṣù kan kí ẹ tó fọ̀ ọ́.