Kòkòrò tó ń lu ewé ilá: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti lu bí ajere, mi ò sì rí kòkòrò kankan.

Ìdáhùn: Wọ́n wà níbẹ̀. Bí òjìji yín bá ti kan ewé ni wọ́n ń fò dànù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ki gan-an. Ẹ yọjú ní kùtùkùtù, kí ìrì tó gbẹ. Wọn kò gùn ju mìlímítà 4 lọ. Oríṣi méjì ni wọ́n: èyí tí wọ́n ń pè ní Podagrica uniforma pọ́n rúsúrúsú látòkè délẹ̀. Podagrica sjostedti ní tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ aró.

Ìbéèrè: Mo fín oògùn, wọ́n kú. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi dé.

Ìdáhùn: Inú ilẹ̀ ni ọmọ wọn wà, nídìí gbòǹgbò, oògùn orí ewé kò dé ibẹ̀. Òmíràn ń ti ara ìṣápá àti òwú tó wà nítòsí wá. Oògùn líle sì ti pa aláǹtakùn àti èèrà tí ì bá bá yín pa lára wọn.

Dọ́ńgóyárò ni kí ẹ lò. Ẹ gún kóró rẹ̀ tó ti gbẹ, gíráàmù 750 fún omi lítà 15. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ dáadáa (bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dí ẹnu ẹ̀rọ), kí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ fín abẹ́ ewé náà. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, tàbí bí òjò bá ti fọ̀ ọ́. Ìgbà tí ilá ṣì kéré ló ṣe pàtàkì jù. Ilá tó ti dàgbà lè fara da ihò díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn inú ilé sí i. Ilá tí ẹ ń ká ní ọjọ́ méjì-méjì, májèlé ni ẹ máa kó wọnú ọbẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ewé kan wá ní àbàwọ́n yẹ́lò àti àwọ̀ ewé pọ̀.

Ìdáhùn: Fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn kòkòrò yìí ló ń fi ẹnu gbé e kiri. Kò ní oògùn. Ẹ fà á tu kíá, ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo kòkòrò ajẹwé báyìí ni kí n máa pa?

Ìdáhùn: Rárá o. Irú wọn lé ní 35,000, ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kan ohun ọ̀gbìn. Ní 1989, Ọsirélíà tú kòkòrò ajẹwé kan tó ń jẹ́ Calligrapha pantherina, tó wá láti Mẹ́síkò, sílẹ̀ kó lè máa jẹ òṣépòtu tó ń gba ilẹ̀ ìjẹko. Podagrica ni kí ẹ dojú kọ. Bí ẹ bá ti ká ilá yìí tán, àgbàdo tàbí ẹ̀wà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Ẹ má tún gbin ilá tàbí ìṣápá lé e.