Ẹ yé fi eré sísá jẹ ọmọ níyà: àṣìṣe tí àwa kóòṣì ń ṣe lórí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ tí ara rẹ̀ ti wúwo

Ọdún Iléyá ti kọjá, Ojúde Ọba náà ti kọjá, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú ikọ̀ wa sì padà sí pápá ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹ̀wù tó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀ ti há a níkùn. Mo wò ó, inú bí mi. Mo ní kó wọ súẹ́tà lé ẹ̀wù, mo fi náílọ́ọ̀nù wé ikùn rẹ̀, mo ní kó yí pápá ká nígbà ogún, kó má sì fẹnu kan omi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì ń mú. Ó yí i ká nígbà mẹ́tàlá. Nígbà tó di ìkẹrìnlá, ó di ẹ̀yìn itan mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oṣù méjì ló fi wà nílé. Ìdíje tí mo tìtorí ẹ̀ ń kánjú, a gbá a tán láìsí i níbẹ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, ohun kan náà ni mo ń rí lórí pápá. Bí wọ́n ṣe jẹ wá níyà nígbà tí àwa náà ń gbá bọ́ọ̀lù la ṣe ń jẹ ọmọ níyà. A ó sì máa pa á lówe pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná tó bá pọ̀ jù máa ń fọ́ ìkòkò.

Òógùn kì í ṣe ọ̀rá

Ẹ gbé ọmọ sórí ìwọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, kí ẹ tún gbé e sí i lẹ́yìn rẹ̀. Bí kílò kan bá ti lọ, omi bíi lítà kan ló ti ara rẹ̀ jáde. Tó bá délé tó mu omi, kílò náà á padà. Ọ̀rá ara kì í yọ́ láàárín wákàtí kan. Kílò ọ̀rá kan tó kálórì bíi 7,700, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi ń sọ pé kí ènìyàn má retí ju ìdajì kílò sí kílò kan lọ lọ́sẹ̀. Ọmọ tó bá fi kílò márùn-ún sanra nílò ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó kéré tán. Súẹ́tà àti náílọ́ọ̀nù tí a ń fi wé ikùn kò dín ọjọ́ kan kù níbẹ̀. Ooru ni wọ́n ń há mọ́ ọmọ lára.

Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀. Ní Nàìjíríà, bí a bá kó ènìyàn mẹ́rin jọ, ẹnì kan nínú wọn lè jẹ́ AS nínú jínótáìpù (genotype). Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, ó lè gbá bọ́ọ̀lù títí ayé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kó máa sáré àsápajúdé láìsinmi, nínú ooru, láìmu omi, pàápàá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà lójú iṣan, kó sì ṣubú. Dale Lloyd, ọmọ ọdún 19 tó ń gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní yunifásítì Rice, kú báyẹn ní 2006 lẹ́yìn ìdánrawò eré sísá. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn eléré wọn ní 2010. Kóòṣì tí kò bá mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní, kó má ṣe tíì pariwo lé wọn lórí. Bí ọmọ bá sì sọ pé ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́, ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Ohun mìíràn tún wà nínú eré tí a fi ń jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tó pẹ́ dé, a ní kó sáré. Ọmọ tó bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a ní kó sáré. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ wá nílò eré lóòótọ́, ojú ìyà ló fi ń wò ó. Ẹni tó bá hùwà àìdáa, ẹ jẹ́ kó kó bọ́ọ̀lù jọ, kó fọ ẹ̀wù ikọ̀, kó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀. Ti ara tó wúwo, iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kí ó ní ètò, kí ó ní ọjọ́.

Ẹ má bú ikùn ọmọ lójú ayé

Ní oṣù Kejìlá 2022, lẹ́yìn ife àgbáyé ti Qatar, Pep Guardiola, tó jẹ́ kóòṣì Manchester City nígbà náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé Kalvin Phillips, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, kò farapa, pé ó padà dé pẹ̀lú ara tó sanra jù ni. Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Phillips sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ yẹn gba ìgboyà lọ́wọ́ òun, pé inú àwọn ẹbí òun náà kò dùn. Ní oṣù Kejì 2024, Guardiola fẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì. Bí ọ̀rọ̀ bá lè dun ẹni tó ń gba owó ńlá báyẹn, kí ni yóò ṣe fún ọmọ ọdún 16 tí a pè ní "ikùn ìkọ́kọrẹ́" níwájú àwọn ọmọbìnrin tó wá wòran? Mo ti rí èyí tí kò padà wá mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ yẹn pè é, ó rọra kó bàtà rẹ̀ sínú báàgì, ó gba ẹ̀yìn pápá lọ sílé.

Ẹ pè é sẹ́yìn. Ẹ bi í léèrè. A kì í sábà béèrè, àwa kóòṣì, a máa ń dá ẹjọ́ ni. Ronaldo ti Brazil, ní ife àgbáyé Jámánì ní 2006, ṣe ni wọ́n ń fi ikùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Góòlù mẹ́ta ló gbá wọlé níbẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ nínú ife àgbáyé wá di 15, kò sì sẹ́ni tó ti gbá tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kejì 2011 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé wọ́n ti rí àìsàn kan lára òun nígbà tí òun wà ní Milan, èyí tó ń mú kí ara máa lo oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Ti ọmọ tiwa lè jẹ́ àìsùn, ó lè jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe, ó lè jẹ́ pé orúnkún ń dùn ún tí kò sì lè sọ.

Òfin tí kò mú ìràwọ̀

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí èmi náà jẹ̀bi rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ìdíje àdúgbò kan ni, ní Ṣágámù. Ìràwọ̀ wa kò wá sí ìdánrawò fún ọjọ́ mẹ́rin, síbẹ̀ mo fi í sínú àwọn mọ́kànlá tó máa bẹ̀rẹ̀. Ó gbá góòlù kan wọlé ní ìṣẹ́jú kẹjọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ó ti tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ti etí ẹ̀wù bọ ẹnu, èémí rẹ̀ ń já. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ní apá òsì, ọmọ ọdún 17, ló ń sá eré ẹni méjì. Ó bojú wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí ojú sí mi lórí bẹ́ńṣì. Góòlù méjì tí wọ́n gbá wọlé wa, apá ibẹ̀ ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn tó parí, ọmọ náà wá bá mi. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí èmi náà bá mọ bọ́ọ̀lù bíi tiẹ̀, ṣé ẹ ò ní ní kí n máa sá mọ́?"

Mi ò rí èsì fún un.

Láti ọjọ́ náà, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni mo ń lò. Ìdánwò ìṣẹ́jú 12 ni, èyí tí dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kenneth Cooper gbé jáde ní 1968. Pápá tó gùn ní mítà 105, tó sì fẹ̀ ní mítà 68, ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 346. Ẹni tó bá yí i ká nígbà méje láàárín ìṣẹ́jú 12 ti sá bíi mítà 2,400. Ẹni tí kò bá pé méje, orí bẹ́ńṣì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́. Mo lè fi í wọlé fún ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wúlò. Àmọ́ mi ò ní lé e kúrò láàárín àwọn tó kù. Agbábọ́ọ̀lù Gael Clichy sọ ní 2016 pé ní Manchester City tí òun wà nígbà náà, Guardiola kì í jẹ́ kí ẹni tó bá sanra jù bá ikọ̀ ṣe ìdánrawò. Wọ́n ní dókítà níbẹ̀, wọ́n ní alásè. Ọmọ tiwa, bí ẹ bá lé e, ilé ayò tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta sìgá ló kàn.

Owó ìtanràn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dúró fún àwọn tó ń gba owó oṣù. Owó ọkọ̀ tí ẹ bá yọ lọ́wọ́ ọmọ, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn wá, yóò sì tún pẹ́ dé.

Ti oúnjẹ náà, ẹ má pàṣẹ pé kó má jẹ gààrí mọ́. Ilé Ìjẹ̀bú wo ni kò ní gààrí? Ohun tí màmá bá sè ni ọmọ ń jẹ. Mo lọ bá màmá ọmọ tí mo pa lára nígbà kìíní yẹn, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. A jọ sọ̀rọ̀ nípa alẹ́ rẹ̀: kí ẹ̀bà dín díẹ̀, kí ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i, kí ó jẹun kí agogo mẹ́jọ tó lù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, ó yí pápá ká nígbà méje ààbọ̀. Mo fún un ní omi.