Ohun tí wọ́n kọ sára synthesizer àti sound module, àti ìtumọ̀ ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá ní Ìkòròdú wa níbí, láti Sábó dé Ágíríkì títí lọ dé Ẹbúté, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra tòkunbọ̀ míì. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín já fáfá, bí gángan bá ń sọ̀rọ̀ ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ò bá lóye ohun tí wọ́n kọ sí i lára, iṣẹ́ díẹ̀ péré lẹ máa rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí module tó dáa tí wọ́n kàn ń lò fún piano nìkan.

Synthesizer ni kíbọ́ọ̀dù tó ń fi iná dá ohùn fúnra ẹ̀. Sound module, synthesizer náà ni, wọn ò kàn fi ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀ sí i ni, àpótí lásán lẹ máa rí, kíbọ́ọ̀dù míì ló máa ń pàṣẹ fún un. MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ni àṣẹ yẹn ń gbà kọjá, látọdún 1983 ló ti wà, a ṣì ń lò ó. Ẹ gbọ́ o, MIDI kì í gbé ohùn rárá! Ohun tó ń gbé ò ju pé “ó ti tẹ C, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó nìyí, ó ti gbọ́wọ́ kúrò” lọ. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó yẹn ni velocity, látorí 1 dé 127. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti ki wáyà láti MIDI OUT kíbọ́ọ̀dù bọ MIDI IN module, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fa wáyà ohùn láti ẹ̀yìn module lọ sínú míksà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí ni, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. THRU ní tiẹ̀, ohun tó bá wọ IN ló máa ń tari síwájú fún ẹ̀rọ tó kàn. Ẹ ṣọ́ra fáwọn kíbọ́ọ̀dù kéékèèké ìsinsìnyí tó jẹ́ pé USB nìkan ló wà lẹ́yìn wọn, wọn ò ṣeé so mọ́ module àtijọ́ tààrà, kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ alárinà kan gbọ́dọ̀ wà láàárín.

Ọ̀nà 16 ló wà nínú wáyà MIDI kan, àwọn ni channel, kíbọ́ọ̀dù àti module sì gbọ́dọ̀ wà lórí channel kan náà kí wọ́n tó lè gbọ́ra wọn yé. Tẹ́ ẹ bá mú piano tó wá ń dún bí ìlù, ẹ yẹ channel wò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ 10 lẹ wà, torí General MIDI, ìlànà kan tó jáde lọ́dún 1991 kí ohùn lè bára mu lórí onírúurú ẹ̀rọ, ti ya 10 sọ́tọ̀ fún ìlù. Òun náà ló to ohùn 128 tẹ̀léra. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà látorí 0, nítorí náà tẹ́ ẹ bá pe trumpet ní 57 tí trombone wá dáhùn, ẹ dín 1 kúrò.

Polyphony àti multitimbral ló máa ń dà pọ̀ mọ́ èèyàn lójú jù, ibẹ̀ sì lowó yín wà. Ẹ fi kúáyà wò ó: iye èèyàn tó lè lanu lẹ́ẹ̀kan náà ni polyphony, iye oríṣi ohùn tó wà níbẹ̀, soprano, alto, tenor, béèsì, ni multitimbral. Minimoog ọdún 1970, ohùn kan ṣoṣo ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Yamaha DX7 ọdún 1983 ń gbé 16. Roland JV-1080 tó jáde lọ́dún 1994 ń gbé 64, oríṣi 16 ló sì lè tẹ̀ pa pọ̀, béèsì lórí channel kan, ògán lórí òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n patch kan nínú ẹ̀, ìyẹn ohùn kan tí wọ́n ti tò sílẹ̀, lè ní tó tone mẹ́rin tí wọ́n tò léra wọn, tone kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ lára 64 yẹn, tó túmọ̀ sí pé pẹ̀lú patch alágbára bẹ́ẹ̀, nóòtì 16 péré ló kù fún yín. Ẹ wá tẹ pẹ́dààlì mọ́lẹ̀, ẹ tẹ kọ́ọ̀dù mẹ́ta mẹ́rin léra wọn, àwọn ti ìṣáájú á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀rọ yín ò bà jẹ́ o, ẹ má gbé e lọ fún oníṣẹ́, ẹ pa tone kan tàbí méjì nínú ẹ̀.

Ohun tí Roland ń pè ní patch ni Korg ń pè ní program, Yamaha ní voice. Ẹ má sì pò voice yẹn mọ́ “64 voices” tí wọ́n kọ sí páálí, ìyẹn polyphony ni.

Ó wá ku ADSR, ìyẹn attack, decay, sustain àti release, tó ń sọ bí ohùn ṣe máa wọlé àti bó ṣe máa kú, èmi fẹ́ràn ibí yìí gan-an torí ibẹ̀ lẹ ti máa fọwọ́ ara yín dá ohùn. Attack ni àkókò tí ohùn ń lò kó tó dé góńgó, decay ni àkókò tó fi ń sọ̀kalẹ̀ látibẹ̀, release ni àkókò tó fi ń pa rẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́. Sustain nìkan ni kì í ṣe àkókò: ibi tí ohùn máa dúró sí nígbà tọ́wọ́ yín ṣì wà lórí ẹ̀ ni. Ti ògán máa ń wà lókè pátápátá, ti piano jẹ́ 0, ìyẹn lẹ ṣe lè di piano mú tó ṣì máa kú náà. Kò sì bá pẹ́dààlì sustain tan, pẹ́dààlì kàn ń sọ fún ẹ̀rọ pé ọwọ́ ò tíì kúrò ni. Tí ijó bá ti gbóná tí strings yín ń lọ́ra kó tó wọlé, ẹ dín attack. Tí kọ́ọ̀dù bá ń gun ara wọn, release ni kẹ́ ẹ dín.

Cutoff ló ń gé apá ohùn tó ń dún tín-ín-rín kúrò, ẹ fà á wálẹ̀ kí ohùn rọ̀. Resonance ń gbé ibi tó ti gé e yẹn sókè, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, ó lè dun sípíkà. LFO ń rọra mi nǹkan lọ sókè sódò: tó bá mi pitch, ìyẹn bí nóòtì ṣe ga tó, ẹ máa gbọ́ vibrato, tó bá mi volume ó di tremolo.

Tẹ́ ẹ bá ti tún ohùn ṣe, ẹ tẹ Write tàbí Store lójú ẹsẹ̀, torí tí iná bá lọ gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀, ẹ tún ohùn kan ṣe, ẹ tẹ Write, ẹ pa module náà, ẹ tún un tàn. Tí ohùn yẹn ò bá sí níbẹ̀ mọ́, tàbí tó kọ Battery Low, bátìrì kékeré inú ẹ̀ ló ti kú, ẹ yọ owó ìyẹn kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san.