Bí Mo Ṣe Ka Ọ̀rọ̀ Ara Owó Wúrà Tí Àǹtí Mi Ń So Mọ́ Ọrùn

Ọwọ́ ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ ní London ni Àǹtí mi ti ra owó wúrà kan, wọ́n sì ń so ó mọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Ohun tí wọ́n gbà ni pé obìnrin ló kúnlẹ̀ lójú owó náà, tí àlùfáà ń fún un ní àbẹ́là. "Ìwọ tó fẹ́ràn ìwé, bá mi wádìí wọn o," ni wọ́n wí, ni mo bá gba owó náà lọ sílé.

Orí ìwọ̀n ni mo kọ́kọ́ gbé e sí: gíráàmù 3.46, bẹ́ẹ̀ ihò tí wọ́n lu sí i ti gba díẹ̀ lára rẹ̀. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó sì fẹ́lẹ́ gan-an. Bí mo ṣe fura sí dúkátì nìyẹn, owó wúrà tí ìlú Venice ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní 1284.

Mo tan iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òjìji lè gbé àwọn lẹ́tà yọ, mo wá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Lápá òsì, mo ka S M VENETI. Mo ní S M yìí, Màríà Mímọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó dúró níbẹ̀ ní irùngbọ̀n! Máàkù Mímọ́ ni, ẹni tí àwọn ará Venice gbà ní alábòó ìlú wọn. Ohun tí a ń pè ní àbẹ́là, ọ̀pá àsíá ni. DVX tò wálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀pá náà, dúkì nìyẹn, oyè olórí ìlú. Lápá ọ̀tún, orúkọ ẹni tó kúnlẹ̀: ANDR DANDVLO, ìyẹn Andrea Dandolo, tó wà lórí oyè láti 1343 sí 1354. Ojú rẹ̀ ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 ṣe. Láti 1284, àwọn olórí Venice ló ń kúnlẹ̀ báyìí lórí dúkátì, títí dé Ludovico Manin, tí Napoleon, ọ̀gágun Faransé, gba ìlú mọ́ lọ́wọ́ ní 1797. Ẹni tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá àṣẹ lé ọba lọ́wọ́ yóò mọ ohun tí àwòrán náà ń wí: wọ́n fi àṣẹ lé e lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀yìn owó náà ló gba àkókò mi. Kristi dúró láàárín àwọn ìràwọ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti súre, Ìwé Ìhìn Rere wà lọ́wọ́ òsì. Lẹ́tà tó yí i ká ni SIT T XPE DAT Q TV REGIS ISTE DVCAT. XPE dá mi dúró fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo ń wá a nínú èdè Látìn, n kò rí i. Ọjọ́ Àìkú ni mo gbójú sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí X àti P tí wọ́n rán wọnú ara wọn sára aṣọ pẹpẹ. Lẹ́tà Gíríìkì ni! Kriste ni XPE. Ìyókù wá tú: "Kristi, tìrẹ ni kí ilẹ̀ dúkì yìí jẹ́, èyí tí ìwọ ń ṣàkóso."

Mo tún un kà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tí kò gbọ́ Látìn rọ irú rẹ̀ gan-an ní etí òkun ìlà-oòrùn Mẹditaréníà àti ní Íńdíà, lẹ́tà wọn a sì máa dàrú. Ti Àǹtí mi pé. Mo fi wé àwọn fọ́tò tí British Museum gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bára mu.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ibi tí àdúrà yìí dé. Ní Káírò ní Íjíbítì láyé ìgbà náà, àwọn Mùsùlùmí ń pè é ní owó aláwòrán, wọ́n sì ń ná an. Ní 1425 ni Sultan Barsbay, ọba Íjíbítì, rọ tirẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ ti Venice, àmọ́ kò ní àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá nìkan.

"Àṣé ọkùnrin ni!" ni Àǹtí mi wí nígbà tí mo dá a padà. Wọ́n ní kí n kọ àdúrà náà sí Yorùbá. Ìwé pélébé tí mo kọ ọ́ sí wà nínú Bíbélì wọn, níbi tí Ìhìn Rere Máàkù ti bẹ̀rẹ̀.