Bí A Ṣe Ń Mú Ọ̀kan Nínú Ọ̀dà Aláwọ̀ Eérú Méjì Tó Jọra

Lórí káàdì ọlọ́dà, aláwọ̀ eérú méjì lè jọra bí ìbejì. Ẹ kùn wọ́n tán, kí ọ̀kan fà sí aró, kí èkejì fà sí amọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé káàdì méjèèjì lé pépà funfun tí kò ní ìlà. Ẹ ó ti rí èyí tó ń lọ síbi aró.

Ẹ wá ra díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹ má kùn ún sára ògiri, torí àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á da ojú yín rú. Páálí funfun fífẹ̀ ni kí ẹ kùn, lẹ́ẹ̀mejì, kí tàkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó kun èkejì. Ẹ fi etí páálí sílẹ̀ ní funfun. Ẹ́múṣọ̀n (ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri) tútù kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: tó bá gbẹ, á tún ṣú sí i.

Ẹ gbé páálí náà ti ògiri kọ̀ọ̀kan ní agogo 8 àárọ̀, 1 ọ̀sán àti 5 ìrọ̀lẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí iwájú ilé bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tí wọn ò fi simẹ́ńtì bò, oòrùn á gbé pípọ́n ilẹ̀ náà gba ojú fèrèsé wọlé. Eérú alámọ̀ á wá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Lálẹ́, gílóòbù tí ẹ máa lò gan-an ni kí ẹ tàn: iná funfun á fa aró jáde, iná pípọ́n rẹ́súrẹ́sú á fa amọ̀. Ẹ má gbàgbé iná alágbàṣájì tí ẹ ń tàn tí NEPA bá mú iná. Funfun ni púpọ̀ nínú wọn.

Táìsì àti kọ́tìnì ńkọ́? Tí wọ́n bá jọ àwọ̀ mílíìkì tàbí igi, alámọ̀ ló bá wọn lọ. Tí ọkàn yín ò bá tíì dúró sójú kan lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ mú èyí tó mọ́lẹ̀ jù, nítorí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa ta àwọ̀ síra wọn, yàrá á sì ṣú ju páálí lọ.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tó ga ní 10, máa ń gba bíi lítà 8 fún ẹ̀ẹ̀mejì bí ògiri bá dán. Ògiri hákahàka á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n fọwọ́ pò ní ṣọ́ọ̀bù kì í bá ara mu lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike ńlá kan, ẹ rò ó dáadáa kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Ẹ bu ife kan pamọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí fún ibi tó bá họ.